Fúláwà Tí Kò Fẹ́ Làálàá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, bí ẹnìkan bá fẹ́ yá owó láti bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì, ẹ̀rọ tí a fi ń po fúláwà ló sábà máa ń ṣáájú nínú ìwé rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀rọ náà ló ń tẹ fúláwà búrẹ́dì Àgége tó fi ń fà. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì aládùn àti èyí tí a fi ẹran tàbí ẹja sínú rẹ̀ ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rọ, láìsì fi ọwọ́ pò ó títí apá yóò fi máa ro ni.

Kí ni pípò ń ṣe gan-an? Àwọn èròjà kan wà nínú fúláwà àlìkámà tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn wọ́n, wọn a so mọ́ra wọn, wọn a sì máa fà bíi rọ́bà. Ìwúkàrà tí a ń pè ní yíìsì a máa jẹ ṣúgà, a sì máa tú afẹ́fẹ́ jáde. Ohun tó ń fà yìí ló ń di afẹ́fẹ́ náà mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kàn ń mú iṣẹ́ yá ni. Bí fúláwà bá rọ̀ dáadáa tí a sì fún un ní àkókò, á so fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irú agbára yìí ni àwọn kan ń wá tí wọ́n fi ń lo potassium bromate tí NAFDAC ti fòfin dè.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ìwé ìròyìn New York Times gbé ọ̀nà Jim Lahey, oníbúrẹ́dì kan ní New York, jáde: yíìsì díẹ̀, kò sí pípò, wákàtí 12 sí 18. Nínú ooru tiwa, a ó dín àkókò náà kù, kó má baà kan.

Ẹ wọn fúláwà gíráàmù 500, ṣúgà 60, ṣíbí kékeré kan yíìsì àti ṣíbí kékeré kan iyọ̀. Ẹ da mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ mìlílítà 300 sí i, pẹ̀lú ẹyin kan àti bọ́tà yíyọ́ gíráàmù 60. Kí mílíìkì má gbóná jù o, ohun alààyè ni yíìsì, ooru á pa á. Ẹ fi ọmọ orógùn rò ó títí ẹ ò fi ní rí fúláwà gbígbẹ mọ́. Á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn fi fúláwà kún un.

Ẹ dé e. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi omi ra ọwọ́, kí ẹ fa etí rẹ̀ sókè yípo, kí ẹ sì ká a sí àárín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì, á ti wú di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní fíríìjì lè gbé e síbẹ̀ di àárọ̀.

Fún aládùn, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ fi bọ́tà, ṣúgà àti àgbọn rírẹ́ sí i, ẹ ká a bí ẹní, kí ẹ gé e sí méjìlá. Fún ẹlẹ́ran tàbí ẹlẹ́ja, ohun tí a ó fi sínú gbọ́dọ̀ tutù, kó sì gbẹ. Olómi kì í jẹ́ kí inú jinná. Ẹ fún etí rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 sí 40, kí ẹ yan án ní 180°C fún ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹni tí kò ní ààrò gáàsì lè lo ìkòkò ńlá tí a da yanrìn gbígbẹ sí, kí ẹ̀yinná wà lábẹ́ rẹ̀ àti lórí ọmọrí rẹ̀. Ẹlẹ́ran kò gbọdọ̀ sùn síta. Ọjọ́ tí a yan án ni kí a tà á.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ fi abọ́ àti ọmọ orógùn bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ owó fúláwà, owó gáàsì, àti iye èyí tí kò tà sílẹ̀. Bí oníbàárà bá ti ń pọ̀ ju agbára ọwọ́ yín lọ, ẹ mú ìwé náà wá. Ìgbà yẹn ni yíyá owó ra ẹ̀rọ tó mọ́gbọ́n dání. Bí gbèsè bá ṣáájú oníbàárà, onídùúró ló ń jìyà rẹ̀, onídùúró náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wa.