Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnnáìkè àti Iná Abẹ́ Agbada



Bí a bá ní ẹnjinníà, ẹni tó ń ṣe afárá tàbí ẹ̀rọ mọ́tò ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Irú mìíràn ni mo fẹ́ sọ fún yín, èyí ni ẹnjinníà kẹ́míkà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó sọ ohun kan di òmíràn lọ́pọ̀ yanturu: epo rọ̀bì di kẹrosíìnì, epo pupa di ọṣẹ.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń yan gàrí. Ó rí i pé gàrí fẹ́ jó, ó fa igi kan jáde. Ṣùgbọ́n agbada kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Ó tún fa òmíràn, ó tún fa òmíràn. Kí agbada tó tutù, iná ti kú pátá. Ó wá kó igi sí i, ni gàrí bá jóná. Ìyá tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fa igi díẹ̀, yóò dúró wò ó ná.

Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, agbada pọ̀, wọ́n sì so kọ́ra wọn. Ohun tí a bá ṣe sí ọ̀kan yóò kan èkejì. Òmíràn a tètè hàn, òmíràn a pẹ́. Báwo ni a ó ṣe mọ ìwọ̀n igi tí a ó fà?

Ọ̀rọ̀ yìí ni Babatúndé Ògúnnáìkè gbájú mọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1956. Ní 1976 ó gba oyè ní Yunifásítì Èkó ní ipò kìíní, ó sì kọjá sí Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ní 1979, òun àti olùkọ́ rẹ̀, W. Harmon Ray, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ti lè fi ìṣirò rí ìdáhùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí a má baà máa fa igi lọ lásán. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1981.

Ó padà wálé, ó kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Èkó láti 1982 títí di 1988. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Delaware ní 2002. Ní 2012 ẹgbẹ́ àgbà ẹnjinníà Amẹ́ríkà yàn án mọ́ra wọn. Òun náà wà lára àwọn márùn-ún tí a fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe orin orílẹ̀-èdè wa ní 1978, èyí tí a kọ títí di 2024. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2022.

Ẹ̀yin òbí, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí dé oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni. Iná tí a dá sábẹ́ ọmọ kì í hàn ní sáà kan. Bí ọmọ yín kò bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ẹ má ṣe tètè yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé. Ẹ fún un ní àsìkò, kí ẹ sì máa wò ó.