Ètò Ìkọ́ni Lítíréṣọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Sẹ́kọ́ńdírì Àgbà: Àgbéyẹ̀wò Agbègbè Ọgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìkòròdú

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí olùkọ́ ṣe lè ṣètò ìkọ́ni lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó yí ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú ká ní Odógunyàn, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní àárọ̀ pàdé òbí rẹ̀ tí ó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Ìwé tí a bá ní kí irú òbí bẹ́ẹ̀ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò lò.

Ìwé ìlànà ìdánwò WAEC kì í ṣe ètò ìkọ́ni. Orúkọ àwọn ìwé àti bí ìdánwò yóò ṣe rí ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni àjọ náà sì ń pààrọ̀ àwọn ìwé. The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká wà lára ti 2021 sí 2025. Kò sí lára ti 2026 sí 2030. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ ọdún kìíní ní oṣù kẹsàn-án 2023, tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí 2026, kò rí ìwé náà lò nínú ìdánwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ń kà lọ́wọ́ nígbà náà. Bí àjọ náà bá tẹ̀lé ìṣe rẹ̀, bákan náà ni yóò rí fún àwọn tí yóò wọlé ní 2028. Ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde ni kí olùkọ́ fi ṣírò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdánwò náà pín sí. Ti àkọ́kọ́ ní ìbéèrè 50 tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan ìdáhùn sí. 20 nínú wọn dá lórí eré Shakespeare. Ti kejì jẹ́ àròkọ lórí ìtàn àròsọ, ti kẹta lórí eré-onítàn àti ewì. Ìwé ìtàn àròsọ méjì ni a yàn láti Áfíríkà, méjì láti ilẹ̀ mìíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dáhùn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan; bẹ́ẹ̀ náà ni eré-onítàn. Ìwé kan tí a kà tán pátápátá fún ìsọ̀rí kan sàn ju méjì tí a sáré kà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ó kó ìtàn wọn jọ ní ṣókí. Ewu wà níbẹ̀ bí ìbéèrè bá le, ṣùgbọ́n ewu ẹni tí kò ka ìwé kankan tán pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Eré-onítàn ni kí ó ṣáájú. The Marriage of Anansewa tí Efua Sutherland ará Ghana kọ yẹ fún sáà kìíní. Inú àlọ́ Ananse aláǹtakùn, ẹlẹ́tàn tí ó jọ Ìjàpá, ni ó ti jáde; ọba mẹ́rin ni ó ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn lórí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Orin tí ń dá sí ìtàn náà, tí wọ́n ń pè ní mboguo, kò jìnnà sí orin àlọ́ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbe orin àlọ́ rí kò nílò àlàyé gígùn.

An Inspector Calls ti J. B. Priestley, tí a kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní 1945, ni kí ó tẹ̀lé e. Ibí gan-an ni àdúgbò náà ti wúlò jù. Ọdún 1912 ni ìtàn náà wáyé, ní ìlú ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣílè 22 àti sísì ni Eva Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà lọ́sẹ̀. Wọ́n béèrè ṣílè 25, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, Birling tí ó ni ilé-iṣẹ́ sì lé e lọ. Ọmọ Odógunyàn kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Kí olùkọ́ bi kíláàsì pé ta ni ó jẹ̀bi, kí ó sì ní kí wọ́n wá ẹ̀rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn, kì í ṣe nínú ohun tí wọ́n gbọ́ nílé (kíláàsì kì í ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́). Ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ bí a ṣe ń kọ àròkọ lítíréṣọ̀.

Antony and Cleopatra kò gbọdọ̀ dúró de ọdún kẹta, nítorí ọdún náà kì í pé kí ìdánwò tó dé. Ọdún kejì ni kí a máa kà á sókè, ìran kan lẹ́ẹ̀kan. Ewì ni kí a pín ká gbogbo sáà. Ẹni tí ó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ tún yẹ ìwé ìlànà JAMB wò, nítorí ètò tirẹ̀ dá dúró.