Àkeekèé Aṣálẹ̀ àti Ìbátan Rẹ̀ ní Agbègbè Èjìgbò

Ìfáàrà
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí àkeekèé, tí àwọn kan ń pè ní òjògán, bá ṣe tóbi tó ni oró rẹ̀ ṣe ń le tó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Orírun àti Ìtànkálẹ̀ Wọn
Àkeekèé ti wà kí aṣálẹ̀ Sàhárà tó wà. Àmì ara wọn tí a rí nínú òkúta ní ilẹ̀ Scotland ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Lónìí, ẹ̀yà wọn ju 2,500 lọ, kò sì sí ilẹ̀ ńlá tí wọn kò sí àyàfi Antarctica. Sàhárà pàápàá ti jẹ́ ilẹ̀ koríko àti adágún omi lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn ni ó gbẹ kẹ́yìn. Àwọn àkeekèé tí ó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀rá tí ó bo èèpo ara wọn kì í jẹ́ kí omi ara wọn gbẹ. Wọ́n ń sá fún oòrùn lọ sínú ihò. Wọ́n sì lè wà fún oṣù púpọ̀ láìjẹun.

Èyí tí ó wà ní Ìhà Tiwa
Èjìgbò wà ní agbègbè tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Orúkọ ìlú Ifẹ̀-Ọ̀dàn jẹ́rìí sí i. Irú ilẹ̀ báyìí ni ó bá àkeekèé dúdú ńlá, Pandinus imperator, lára mu. Inú òkìtì ọ̀gán àti abẹ́ igi jíjẹrà ni ó ń gbé, ó sì lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Láti Nàìjíríà, ibùgbé rẹ̀ gba Benin, Tógò àti Gánà dé Côte d'Ivoire, ọ̀nà kan náà tí àwọn ọmọ Èjìgbò ń tọ̀ lọ sí Àbíjàn.

Ọwọ́ ńlá tí ó dà bí ẹ̀mú ni ó fi ń fọ́ ohun tí ó bá mú, nítorí náà kò gbára lé oró púpọ̀. Androctonus australis ti Sàhárà kò rí bẹ́ẹ̀: ó kéré sí i, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ ki, oró rẹ̀ sì lè pa ènìyàn.

Ìgúnlẹ̀
Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ọwọ́ àti ìrù ni kí á wò, kì í ṣe títóbi nìkan. Síbẹ̀, ẹni tí àkeekèé bá ta, pàápàá ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí á gbé e lọ kíákíá. Kò sì yẹ kí á máa pa èyí dúdú nípakúpa. Láti ọdún 1995 ni àdéhùn CITES ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè.