Ìwé kan náà, ẹ̀rín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí àwọn òǹkàwé ṣe ń gba àròkọ David Sedaris

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka Me Talk Pretty One Day, ìwé tí David Sedaris, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Àkójọ àròkọ apanilẹ́rìn-ín ni, ìgbésí ayé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ: ìgbà èwe rẹ̀, bàbá rẹ̀, àbúrò rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, àti bó ṣe lọ kọ́ èdè Faransé ní Paris nígbà tó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ṣe ògbufọ̀ àròkọ kan nínú rẹ̀ fún bàbá mi kékeré ní Kétu. Ẹ̀rín ń pa mí débi pé n kò lè parí gbólóhùn. Àwọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí mo ṣe tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Olùkọ́ yẹn, ṣé kò sí ẹni tó bá a wí ni?”

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ìwé kan náà fi ń pa ẹnìkan lẹ́rìn-ín, tó ń bí ẹlòmíràn nínú, tó sì ń mú kí ẹnìkẹta béèrè bóyá òótọ́ ni? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ojú ẹ̀kọ́ èdè wò ó.

Ohun tó wà nínú ìwé náà

Ọdún 1956 ni wọ́n bí Sedaris. Ìlú Raleigh, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ló ti dàgbà. Oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, nígbà tó ka ìtàn iṣẹ́ tó ṣe ní àsìkò Kérésìmesì lórí rédíò NPR. Ní ọdún 2001, ìwé tí à ń sọ yìí gba ẹ̀bùn Thurber, tí wọ́n ń fún ìwé apanilẹ́rìn-ín ní Amẹ́ríkà.

Àròkọ méjì ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù. Nínú “Go Carolina”, Sedaris ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ahọ́n rẹ̀ kì í pe ìró /s/ bó ti yẹ, ni wọ́n bá fà á lé olùkọ́ kan lọ́wọ́ kí ó tún un ṣe. Dípò kí ọmọ náà tún ahọ́n ṣe, ńṣe ló ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní /s/ nínú jọ. Ṣùgbọ́n /s/ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ di púpọ̀. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ó bá ti kan ohun tó ju ẹyọ kan lọ, ó ní láti wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbà.

Nínú “Make That a Double”, ó ti di àgbàlagbà, ó ń gbé ní Faransé. Akọ àti abo ọ̀rọ̀-orúkọ ló wá di ìṣòro rẹ̀. Kí ló sọ la table di abo, tí le bureau fi jẹ́ akọ? Ó rí i pé bí nǹkan bá ti di méjì, les ni a ń lò fún akọ, les náà ni fún abo. Ló bá ń ra ohun gbogbo ní méjì-méjì kí ó má baà ṣì í. Ẹ wo nǹkan: nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń sá fún ọ̀rọ̀ púpọ̀, nígbà tó dàgbà, inú ọ̀rọ̀ púpọ̀ yìí kan náà ló sá sí.

Ẹ̀rín yìí yé àwa ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dáadáa. Lédè wa, bí a bá ní “ó ti dé”, ó lè jẹ́ ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ tàbí ọkọ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì pe le ní la níwájú kíláàsì rí?

Ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn òǹkàwé gbà ń gbà á

Àwọn kìíní ni àwọn tó ń rí ara wọn nínú rẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó jìn sí kòtò, ó sì ń fi han ará yòókù.

Àwọn kejì ń sọ pé kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú àṣírí bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Nínú “Jesus Shaves”, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi Faransé tí kò tíì dá wọn lẹ́nu ṣàlàyé ọdún Àjíǹde fún ẹlẹgbẹ́ wọn kan, obìnrin Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Mòrókò. Onígbàgbọ́ kan lè kà á kó bínú pé wọ́n ń fi Jésù ṣe àwàdà. Ẹlòmíràn á ní àìtó ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni wọ́n ń rín, kì í ṣe Jésù.

Àwọn kẹta ń béèrè òtítọ́. Ní ọdún 2007, Alex Heard kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The New Republic pé òun wádìí àwọn ìtàn Sedaris, òun sì rí i pé ó bù mọ́ púpọ̀ nínú wọn, ó sì dá àwọn mìíràn sílẹ̀. Sedaris kò sẹ́ pé òun máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Inú bí àwọn kan. Àwọn mìíràn ní, ta ló ń lọ bá aláwàdà fún ẹ̀rí?

Kí ló fà á?

Ìdí kìíní ni àdéhùn. Ní ọdún 1975, Philippe Lejeune ṣàlàyé nínú Le pacte autobiographique pé bí orúkọ ẹni tó kọ ìwé, ẹni tó ń sọ ìtàn, àti ẹni tí ìtàn dá lé lórí bá jẹ́ ọ̀kan náà, òǹkàwé ti gbà pé òtítọ́ ni wọ́n ń bá òun sọ. Àwàdà ní àdéhùn tirẹ̀: àǹfààní wà láti bù mọ́ ọn. Àdéhùn méjèèjì ló wà lórí ìwé Sedaris. Èyí tí òǹkàwé bá dì mú ló máa darí ohun tó máa rò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí èdè wa. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin aláìsàn kan ló ń ròyìn ayé rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé wà tí wọ́n gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Ọdún 1930 ló di ìwé.

Kétu pàápàá ní àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ lè fi orin bú olè, alágbèrè àti olóyè tó ṣìṣe, kí gbogbo ọjà sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ìjà ló máa dá. Òru, agọ̀ àti agbo ló ń sọ fún wa irú etí tí a ó fi gbọ́ ọ. Ìwé kò ní agọ̀. Ibi tó bá bá òǹkàwé ló ti ń jó.

Ìdí kejì ni ìtumọ̀, ibẹ̀ sì ni èmi gan-an ti ṣìṣe. Nínú àròkọ tí ìwé náà ti gba orúkọ, olùkọ́ kan ní Paris ń bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn náà sì ń fi Faransé wọ́gọwọ̀gọ tu ara wọn nínú. Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ ni Sedaris fi kọ Faransé náà, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Nígbà tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, n kò rí akọ àti abo tí n ó ṣì. Mo tún gbólóhùn wọn ṣe láìmọ̀. Ṣùgbọ́n èébú olùkọ́ kò nílò àtúnṣe. Èébú rọrùn láti túmọ̀. Ohun tó kù sétí bàbá mi kékeré ni olùkọ́ tó ń bú àgbàlagbà.

Ìdí kẹta ni ohun tí ojú olùgbọ́ ti rí. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń so signal mọ́ lọ́rùn. Egungun ni ti ilé ìwé wọn. Kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá rí ẹlòmíràn mú. Ẹni tó ti gbé egungun kọ́rùn nítorí “ẹ káàárọ̀”, báwo ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín sí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀?

Kí ni a rí kọ́?

Kí a tó sọ pé ìwé kan dùn tàbí kò dùn, ó yẹ kí a béèrè: àdéhùn wo ni mo bá a ṣe? Ta ni wọ́n ń rín? Èdè wo ló ń gbé ẹ̀rín náà, ṣé ó sì kù nínú ìtumọ̀? Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín kì í ṣe òpè. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a kò gbọ́ ló gbọ́.

Mo padà sí Kétu. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ẹni tó ń ra ohun gbogbo ní méjì-méjì ni mo sọ, mo sì kọ́kọ́ ṣàlàyé le àti la. Bàbá mi kékeré bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn náà ṣe é: nígbà ìsinmi, ọwọ́ àti ojú ni àwọn fi máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí signal má baà kàn wọ́n. “Ìwọ ò mọ̀,” ni wọ́n wí, “a fẹ́rẹ̀ẹ́ di odi tán!” Ẹ̀rín tún gbà wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì la jọ rín in.