Omíyalé Fà Tán, Àrùn Kò Tí ì Lọ

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí omi máa ń wọlé bá nígbà òjò, ìbáà ṣe ará Ìwòpin létí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, tàbí ará Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè tí àgbàrá ń ya wọ yàrá wọn nígbà tí gọ́tà bá dí.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí ó ti gba inú ṣáláńgá àti ààtàn kọjá kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yín, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Ìgbẹ́ ènìyàn, ìtọ̀ eku àti epo mọ́tò ni ó kó dání. Nígbà tí ó bá fà, ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, lórí ẹní àti nínú kànga.

Kànga yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì. Ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyá náà ní, "Nọ́ọ̀sì, mo fọ ilé mi o, kò sí ibi tí n kò fọ̀." Mo bi í pé omi wo ni ó lò. Ó ní omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni. Àgbàrá ti bo kànga náà mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 3 ṣáájú! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì dé Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa náà. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni ó ti ń wọ ara. Bí kò bá sí ìtọ́jú, ó lè pa àgbàlagbà láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ibà táífọ́ọ̀dì ń gbà wọlé.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Èkíní, kí ẹ tó wọlé, ẹ rí i pé wọ́n ti pa iná mànàmáná. Bí ẹ óò bá tẹ omi kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kí àwọn ọmọdé dúró síta. Ẹni tí nǹkan bá gé, kí ó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́, kí ó sì wá gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Èkejì, ẹ kó ẹrẹ̀ jáde, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ilẹ̀ àti ògiri. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ da Jik ife 1 sínú omi ife 30, kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ọṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ìdọ̀tí máa ń pa agbára Jik. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o. Òórùn rẹ̀ lè gbẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, gààrì, èlùbọ́ àti tìmùtìmù tí omi náà bá rin, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé gààrì wọ́n, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú àìsàn wọ́n jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má mu omi kànga tí àgbàrá wọ̀, ẹ má fi fọ àwo, ẹ má fi fọ ẹnu. Ẹ pe wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n fi klorín tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá omi níbòmíràn, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Bí epo bá wà nínú omi, sísè kò lè tún un ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ rẹ́ lójú, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà, sínú omi mímọ́ lítà 1, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Kí ìyá ọmọ má ṣíwọ́ ọmú. Bí ìgbẹ́ bá dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀.

Kí òjò mìíràn tó dé, ẹ kó gọ́tà, kí ẹ mọ ẹnu kànga ga, kí ẹ sì fi ọmọrí bò ó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí omi gba ọmọ lọ́wọ́ wa o.