Dí, Jò, Kán: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́ta fún Ṣáwà

Ní ilé àtijọ́ kan ní Ibido, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, a sọ fún púlọ́ńbà pé ṣáwà bàjẹ́. Ó pààrọ̀ orí rẹ̀. Nǹkan kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ṣì lò. Bàjẹ́ kò tọ́ka sí ibi tí àléébù wà.

Ẹ tú orí náà, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ. Bí omi bá tú yàà láti ẹnu páìpù, orí ni ó dí: ìpẹtà páìpù irin ti há sí ihò rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan mọ́jú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò náà. Bí omi kò bá lágbára síbẹ̀, páìpù ni ó dí, tàbí kí táńkì má ga tó. Táńkì tí ó fi mítà 3 ga ju ṣáwà lọ kò lè fún omi ní ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 10 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé.

Èyí tí ó ń jò, ibi ìsopọ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tí ó ń kán lẹ́yìn tí a ti ti ẹ̀rọ pa, wọ́ṣà inú ẹ̀rọ ni ó ti jẹ. Orí tuntun kò wò ó sàn. Èyí gan-an ni tiwa.

Ní ti orúkọ orí náà, ajere omi ni a dábàá. Asẹ́ kò bá a mu, nítorí asẹ́ a máa dá pàǹtí dúró. Àwọ̀n kékeré inú ọrùn ṣáwà ni kí a fi í pè.