Tísíìsì: orí-ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ jù ló ń dá wọn dúró

Òbí tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè máa bínú pé ọmọ òun ti ṣèdánwò oyè ìjìnlẹ̀ kejì tán ní Fásitì Àgọ́-Ìwòyè, síbẹ̀ kò tíì gboyè. Tísíìsì ló kù. Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìmẹ́lẹ́ o.

Ẹni tó ní òun fẹ́ kọ̀wé lórí ẹja pípa ní Nàìjíríà, ìgbà wo ló máa parí ẹ̀? Ṣùgbọ́n tó bá bèèrè pé ta ló ń dá iye lé ẹja tí wọ́n pa ní Ìwòpin, ní Ògùn Waterside, ó ti mọ ẹni tó máa bi. Nínú gbogbo ewì Yorùbá, ìjálá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá mú, tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde lọ́dún 1966.

Kí ọmọ kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kó fi han olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, kó tó wọkọ̀ lọ sí Ìwòpin.